Ìwé Kan Wà Nínú Píjìnhóòlù Rẹ: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìdójútòfò Ọkọ̀

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn awakọ̀ àti onímọ́tò kan tó pé jọ ní Adó-Èkìtì. Àwọn tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ibi tí mo ti wúkọ́.

Èkìtì kete, mo kí in o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ kẹ̀kẹ́ tí ẹ jókòó sí ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, mo kí gbogbo yín. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Òjò ti jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, páànù orí gbọ̀ngàn yìí sì lóhùn jù mí lọ. Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé mọ́tò wá, ẹ bá mi lọ mú pàtíkúlà yín wá. Ìwé ìdójútòfò ni mo fẹ́ rí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ínṣọ́ránsì. Ẹ kó wọn síwájú mi níbí. N kò ní kó wọn lọ, mo ti fẹ̀yìn tì.

(Àwọn mẹ́sàn-án jáde lọ sínú òjò. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìwé mẹ́sàn-án wà lórí tábìlì. Epo pupa ti wọ ara ọ̀kan títí tí a fi ń rí ìka mi láti ẹ̀yìn rẹ̀.)

Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ ná, a ó padà sí wọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ìdójútòfò, èyí tó pọ̀ jù ní Àkúrẹ́, ìyókù níbí. Iṣẹ́ mi kọ́ ni láti ta ìwé. Bí mọ́tò bá ti bàjẹ́ ni wọ́n máa ń rán mi lọ wò ó, kí n kọ ohun tí mo rí. Mo ti dúró létí kòtò lójú ọ̀nà Ìtawúrẹ́ sí Ẹ̀fọ̀n ju ìgbà tí mo lè kà lọ, pẹ̀lú bíírò àti ìwé tí ìrì ti mú rọ̀. Nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo máa sọ.

Awakọ̀ kan wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó ń ná Òkèsà sí Àjìlósùn. Corolla ni mọ́tò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọdún 2024, òjò ń wínniwínni, ó sún mọ́ Fájuyì, ewúrẹ́ méjì kọjá lójú títì. Jíìpù tó wà níwájú rẹ̀ dúró. Òun náà tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n táyà tó ti jẹ dan kò gbọ́ràn lórí ọ̀dà tó tutù. Gbì! Bọ́ńpà jíìpù já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná ẹ̀yìn apá ọ̀tún fọ́ yángá, ìdérí búùtù sì wọnú.

Ẹni tó ni jíìpù sọ̀ kalẹ̀. Kò bú u, kò gbá a létí. Ó kàn ń wo iná tó fọ́ náà. Awakọ̀ wa ti na gbalaja sínú omi òjò. Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ìyá kan tú gèlè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀: “Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é, ọmọ yín ni.” Ọkùnrin náà ní, “Ẹ dìde, sà. Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìdọ̀bálẹ̀ ra iná ẹ̀yìn.”

Wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n pe mẹkáníìkì, wọ́n pe pánẹ́lì-bítà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦480,000. Awakọ̀ wa tọwọ́ bọ̀wé pé òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ gba èsúsú rẹ̀ ṣáájú àsìkò, ìyàwó rẹ̀ ta aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣègbéyàwó, ó tún yá owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣírò èlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi san án tán.

Lẹ́yìn náà ló wá bá mi, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tún pàtíkúlà ṣe lówó pọ́ọ́kú. Mo ní kó mú ti àná wá kí n wò ó. Ó ṣí píjìnhóòlù, ó fà á yọ láàárín ìwé ìléwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti páálí sìgá. Ìwé ìdójútòfò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ojúlówó ni. Oṣù méjì péré ló ti rà á kó tó kọ lu jíìpù náà. Gbogbo ìgbà tó fi dọ̀bálẹ̀ sínú omi, ìwé tó yẹ kó san gbèsè náà wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi pè wọ́n. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ní kí n máa fi han ọlọ́pàá ni.”

Mo wà lórí àga, n kò lè dáhùn. Ó ti pẹ́ jù. Kò sọ fún ilé iṣẹ́ náà lásìkò, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi, ó ti sanwó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí mo bá béèrè nínú gbọ̀ngàn yìí báyìí pé kí ni ìwé orí tábìlì yìí wà fún, ìdajì yín ló máa sọ pé kí wọ́n má baà dá yín dúró ní Ìwòrókò. Ohun tó gbé mi wá nìyí. Ìwé ọlọ́pàá kọ́. Ìwé ẹni tí ẹ bá kọ lù ni.

Bàbá mi máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé tí ilé ṣì jẹ́ ilé koríko. Bí iná bá jó ilé ẹnìkan lóru, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ojúlé kọ̀ọ̀kan á ti gbé ìdì bẹẹrẹ kan wá, ẹlòmíràn á gbé ọ̀pá àjà, obìnrin á gún iyán. Kó tó di ọjọ́ kejì ọjà, orí ilé ti bò. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá wo ohun kan níbẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò jó rí kò padà wá sọ ní òpin ọdún pé, “Ẹ dá ìdì bẹẹrẹ mi padà, ilé tèmi kò jó.” Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Ìdùnnú rẹ̀ ni pé kò jó.

Ìdójútòfò, ọ̀wẹ̀ tí a fi owó ṣe ni. Ẹgbàágbèje onímọ́tò dá owó jọ, ilé iṣẹ́ adójútòfò tọ́jú rẹ̀, ẹni tí àjálù bá ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n fi tún ilé bò. Ohun tó ń bí ọ̀pọ̀ yín nínú ni pé ojú èsúsú lẹ fi ń wò ó. Nínú èsúsú, ohun tí o dá ni o kó. Ẹni tó bá wá ń sọ pé, “Mo ti san án fún ọdún mẹ́wàá, n kò gba kọ́bọ̀,” onítọ̀hún fẹ́ kí ilé òun jó kí bẹẹrẹ tó gbé wá má baà ṣòfò.

Ti òfin, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, ọlọ́pàá lè sọ ọ́ fún yín jù mí lọ. Láti inú òfin 1945, ayé òyìnbó, ló ti jẹ́ dandan pé kí onímọ́tò ní ìdójútòfò fún ikú àti ìpalára ẹlòmíràn. Òfin 2003, abala 68, fi dúkìá ẹlòmíràn kún un, ó sì ní nígbà náà pé ẹni tó bá rú u lè san ₦250,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé náà wò káàkiri Nàìjíríà. Ní ọdún 2025 yẹn kan náà ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tó kó àwọn òfin ìdójútòfò àtijọ́ pọ̀ sójú kan. Ó tó.

Iye owó wá ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023, àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso iṣẹ́ yìí gbé ti mọ́tò àdáni kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000. Ẹ kùn nígbà náà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín ni pé iye tí ilé iṣẹ́ máa san lórí dúkìá ẹni tí ẹ kọ lù náà gòkè, láti mílíọ̀nù kan sí mílíọ̀nù mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, ₦5,000, wọ́n á san tó mílíọ̀nù méjì. Ọ̀kadà, ₦3,000, wọ́n á san tó mílíọ̀nù kan. Tírélà tó ń kó ẹrù oníbàárà, ₦100,000, wọ́n á san tó mílíọ̀nù márùn-ún. Ẹ pín ₦15,000 sí ọjọ́ inú ọdún: náírà mọ́kànlélógójì lójúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún àwọn ọmọ gáréèjì lówó láràárọ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ ń fún wọn.

Èyí tí mo ń sọ ni ti ẹni kẹta, third party. Ìwọ ni ẹni kìíní, ilé iṣẹ́ ni ẹni kejì, ẹni tí o ṣe ní jàǹbá ni ẹni kẹta. Òun ló wà fún. Mọ́tò tìrẹ tó rún, ìwọ ni wàá tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún ti òun náà ṣe, kó ra èyí tí wọ́n ń pè ní comprehensive. NAICOM ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò. Mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́fà, ₦300,000 lọ́dún ó kéré tán. Owó ni. Mi ò ní purọ́ fún yín, bí mọ́tò yín bá jẹ́ Golf àtijọ́ tí ẹ ti jèrè rẹ̀ tán, ẹ lè fi ti ẹni kẹta ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá owó kọ́pẹ́ra ra mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, comprehensive ni tiyín. Mo ti rí tíṣà kan tí mọ́tò rẹ̀ dojú dé nítòsí Arámọkọ ní oṣù kẹta tó rà á. Mọ́tò kú. Gbèsè kò kú. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ló fi ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n sì ń yọ owó mọ́tò nínú owó oṣù rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rà á, ẹ má ja iye mọ́tò wálẹ̀ nítorí kí owó lè dín. Mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́jọ, ẹ ní mílíọ̀nù mẹ́rin ni. Ẹ rò pé ẹ gbọ́n. Ọjọ́ tí ìbàjẹ́ mílíọ̀nù kan bá dé, ìdajì ni wọ́n máa san, nítorí ìdajì mọ́tò lẹ fà lé wọn lọ́wọ́.

Ohun mìíràn tó máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ní Èkìtì níbí ni kábúkábú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé sí Adó láàárọ̀, ó gbé èrò mẹ́rin láti fi ra epo. Ìwé àdáni ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni bíi tèmi máa bi àwọn èrò ni pé, “Èló lẹ san?” Ìdáhùn yẹn lè sọ ìwé rẹ̀ di bébà lásán. Ẹ sọ òótọ́ ohun tí ẹ ń fi mọ́tò ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìyá oníbọ́ọ̀lì, nítorí òun ló ń dùn mí jù. Etí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ló ń jókòó sí. Kẹ̀kẹ́ kan yà fún kòtò. Ó gun orí àáàrò rẹ̀. Ẹ̀yinná fọ́n sí i lára, egungun ojúgun rẹ̀ sì dá. Ó tó ọgbọ̀n ènìyàn tó pé lé e lórí, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Ìyá náà gan-an ni wọ́n ń bẹ̀! “Màmá, ẹ forí jì í, ọmọ tálákà ni, ó ti ṣẹlẹ̀ ná.” Olóyè kan tó ń kọjá tún sọ̀ kalẹ̀, ó bá wọn bẹ̀ ẹ́. Kí ni ìyá fẹ́ sọ? Ó ní òun ti dárí jì í. Ọmọ kẹ̀kẹ́ dúpẹ́, ó fún un ní ₦10,000, ó lọ. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan tó ń to egungun ní ìletò rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́.

A máa ń sọ pé a mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ níbí, ó sì jẹ́ ohun iyì. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó dáadáa: ta ló sanwó jàǹbá yẹn? Ìyá oníbọ́ọ̀lì ló san án. Ẹ̀bẹ̀ wa ló gbé gbèsè kúrò lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́, ó gbé e ka ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lórí. Ká ní ẹnìkan láàárín ọgbọ̀n ènìyàn yẹn ti béèrè pé, “Ọmọ, níbo ni ìwé ìdójútòfò rẹ wà?” ìyá náà lè dárí jì í, kó sì tún tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ìpalára ara ẹni kẹta wà nínú ₦5,000 kẹ̀kẹ́ náà.

Ẹ̀yin tó máa sọ pé Ọlọ́run ni ínṣọ́ránsì yín, àmín. Mo ń gba àdúrà ojú ọ̀nà, mi ò kì í gbé mọ́tò jáde láìgbà á. Àdúrà yẹn ń ṣọ́ mi. Ìyá oníbọ́ọ̀lì náà ti gba tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí orí tábìlì. Ìwé ayédèrú pọ̀. Mo mọ̀, nítorí mo ti rà á rí. Kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, agbódegbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì tí a ti ń gba ìwé mọ́tò bá mi “sáré” pàtíkúlà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti dé pẹ̀lú òǹtẹ̀. Mo gbé e dé ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo fọ́ gíláàsì ẹlòmíràn. Akọ̀wé obìnrin tó wà níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi èékánná ha òǹtẹ̀ náà, ó bọ́. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi jẹ́lẹ́ńkẹ́ tì í padà sí mi. Títí dòní ni ojú ṣì ń tì mí.

Lónìí, ẹ kò nílò èékánná. Gbogbo ìwé tó jẹ́ ojúlówó ló wà nínú àkójọ kan tí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò gbé kalẹ̀, NIID. Ẹ lọ sí askniid.org lórí fóònù, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò yín. Ibẹ̀ náà ni ọlọ́pàá ń wò. Ẹ jẹ́ ká ṣe mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

(Nẹ́tíwọ̀kì fa, ó fà, òjò ni. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú méjìlá. Mẹ́fà jáde. Mẹ́ta kò jáde. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà jẹ́ ti alága ìpàdé. Ó ní ọmọ òun ló bá òun ṣe é.)

Bí jàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹni tó farapa lẹ kọ́kọ́ gbé. Nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó gbé mọ́tò kúrò: nọ́ńbà, ibi tó bàjẹ́, ojú títì. Ẹ gba orúkọ àti ìwé ìdójútòfò ara yín. Ẹ pe ilé iṣẹ́ yín lọ́jọ́ náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ọlọ́pàá létí. Ẹ bẹ̀bẹ̀ bó bá wù yín, ẹ kí i pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣèlérí owó, ẹ má sì tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ sanwó ló máa bá wọn sọ ìyẹn. Awakọ̀ Corolla wa, ibẹ̀ ló ti jìn sí kòtò.

Ẹ ní ilé iṣẹ́ kì í sanwó. Mi ò ní gbèjà gbogbo wọn. Mo ti rí fáìlì tó sùn lórí tábìlì ọ̀gá títí eruku fi bò ó, mo sì ti rí ìwé àdéhùn tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ, tí agbẹjọ́rò pàápàá ń wá awò ojú láti kà. Bí wọ́n bá fi yín ṣeré, NAICOM ń gbọ́ ẹ̀sùn, ẹ kọ̀wé sí wọn. Òfin 2025 náà dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn bá dojú dé. Ṣùgbọ́n nínú ìrírí mi, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò rí owó gbà, yálà ìwé wọn jẹ́ ayédèrú, tàbí ó ti kú, tàbí wọn kò tilẹ̀ béèrè.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àkókò gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní òun ra mọ́tò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìdójútòfò rẹ̀ ṣì ku oṣù márùn-ún, ẹni tó tà á sì fi ṣe jàárá fún òun. Ṣé kò burú? Mo ní ó burú. Ẹni tí ilé iṣẹ́ bá ṣàdéhùn ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, mọ́tò kò lè gbé àdéhùn lé ara rẹ̀ kó bá ẹlòmíràn lọ. Láti oṣù mẹ́ta yìí, kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fi mọ́tò náà sílẹ̀ sínú ọgbà gbọ̀ngàn yìí di ọjọ́ Ajé, kó gun ọ̀kadà relé.

Ó wo ìta, ó wo àwọn ọlọ́kadà tó ṣà jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, “Bàbá, ṣé àwọn yẹn ní?”